Bí Mo Ṣe Gbé Bánkì Lọ Sílé Ọkọ

Ìdájí ni mo jáde nílé ní Kétu. Kì í ṣe pé ọ̀nà jìn tó bẹ́ẹ̀, mi ò kàn fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò rí ohun tí mo wọ̀ ni. Kóòtù dúdú ni, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ bánkì máa ń wọ̀. Lórí òkìtì òkìríkà ni mo ti ṣà á, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àtààbọ̀ náírà. Apá rẹ̀ gùn jù mí lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ká a sókè díẹ̀, tí mo sì wọ bàtà onígìgísẹ̀, mo ń jọ máníjà lójú ara mi.

Iṣẹ́ POS ni mo ń ṣe. Abẹ́ agboòrùn pupa kan ni mo ń jókòó sí ní Kétu, nítòsí ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń yí padà. Mummy POS làwọn kọ́sítọ́mà ń pè mí. Tábìlì kan, àga oníke méjì, ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju búrẹ́dì kékeré lọ, gbogbo ohun tí mo ní nìyẹn. Àmọ́ ẹ wá gbọ́ mi nílé. "Bánkì mi" báyìí, "àwọn kọ́sítọ́mà mi" báyẹn. Ọkọ mi, Bàbá Tóbi, tó ń ṣe fọ́kánáísà, ti gbọ́ ọ títí ó fi gbà á gbọ́. Òun ló sì ti mí sí ìrìn àjò yìí.

Ìdí-Agbalùmọ̀ ni abúlé ọkọ mi, ní ìhà Odẹ́dá, téèyàn bá ti kọjá Abẹ́òkúta. Gààrí làwọn obìnrin ibẹ̀ ń ṣe, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni olórí wọn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n yìí ti kú, wọ́n ti padà sílé bàbá wọn láti ìgbà náà. Èmi ń pè wọ́n ní Ìdílẹ̀kẹ̀. Orúkọ tí mo fún wọn nìyẹn lọ́dún tí mo wọlé, nítorí ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, kódà bó ṣe ọmọ ọwọ́ ni. Ẹni tó bá dúdú, a lè pè é ní Adúmáadán. Ẹni tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, Òpèlẹ́ńgẹ́. Ẹni tí ìdí rẹ̀ bá dára fún ìlẹ̀kẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ìdílẹ̀kẹ̀ ló pe ọkọ mi lórí fóònù ẹnì kan tí wọ́n jọ ń gbé pé ọ̀rọ̀ ti dé. Ọkùnrin tó ń wá kó gààrí wọn lọ sí Mile 12 ti sọ pé òun ò ní gbé owó rìn lójú ọ̀nà mọ́, ẹ̀rù àwọn adigunjalè ń ba òun. Láti ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, inú àkáǹtì lòun á máa san owó sí. Ẹni tí kò bá ní àkáǹtì, kó máa fi gààrí rẹ̀ mumi. Nínú gbogbo obìnrin ibẹ̀, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní. Bánkì tó sún mọ́ wọn jù wà nígboro Abẹ́òkúta. Odidi ọjọ́ kan ni àlọ àtàbọ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lowó ọkọ̀, tí wọ́n bá sì débẹ̀ tán, wọ́n á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, kí wọ́n padà wá lọ́la. Ọkọ mi ò tiẹ̀ wo ojú mi kó tó dáhùn.

"Ẹ má mikàn," ó ní. "Ìyàwó mi ni bánkì."

Bó ṣe di pé mo gbé bánkì lọ sílé ọkọ nìyẹn, ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà. Ẹ̀rọ POS kejì tí mo fi pamọ́ wà nínú báàgì mi, pẹ̀lú pépà rẹ̀, páwà bánkì, àti fóònù onífọwọ́tẹ̀ àtijọ́ kan tí mo fẹ́ fún Ìdílẹ̀kẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ láti Kétu dé Ọjọ́ta, irínwó náírà. Ní gáréèjì Ọjọ́ta, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni wọ́n ń gbà dé Abẹ́òkúta. Dẹ́rẹ́bà náà wò mí láti òkè délẹ̀.

"Mummy, kóòtù lẹ wọ̀ yìí, ṣé kọ́ọ̀tù lẹ ń lọ ni?"

"Iṣẹ́ bánkì ni mo ń lọ ṣe."

"Bánkì wo ló ti ṣí nírú àsìkò yìí?"

"Èmi gan-an ni bánkì."

Ó ní kí bánkì jọ̀ọ́ gbé báàgì rẹ̀ sábẹ́ àga, kí èrò lè rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé.

Nígbà tó kan owó ọkọ̀, mo sọ fún un, kí gbogbo èrò lè gbọ́, pé èmi kì í gbé owó rìn, tiransífà ni mo máa ṣe. Mo ṣe é. Owó kúrò lọ́dọ̀ mi. Kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Mummy, alẹ́ẹ̀tì ò wọlé o."

"Ó ti lọ. Ẹ wò ó níbí, ó ti kúrò lọ́dọ̀ mi."

"Ó kúrò lọ́dọ̀ yín, kò dé ọ̀dọ̀ mi. Ibo ló wà?"

Ìbéèrè tí àwọn kọ́sítọ́mà máa ń bi mí ní Kétu náà nìyẹn. Èsì tí mo sì máa ń fún wọn ni pé kí wọ́n ní sùúrù, á wọlé. Mo fún dẹ́rẹ́bà ní èsì yìí, mo sì wá rí i pé èsì burúkú ni. Ọkọ̀ ti kún, èrò ń kùn, ìyá kan lẹ́yìn ń bèèrè ẹni tó dá wa dúró. Mo tú etí ìró mi, mo yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tí mo dì síbẹ̀, mo fún un. A ti dé Síun kí alẹ́ẹ̀tì tó wọlé. Dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín títí, ó ka owó mi padà fún mi, ó ní kí n kí máníjà nílé.

Ní gáréèjì Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta, mo jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Eléwé ni mọ́ínmọ́ín náà, ọ̀ọ́dúnrún náírà ọ̀kan, ẹyin wà nínú rẹ̀. Ẹyin tòótọ́ o. Ní Kétu, inú ike ni wọ́n ti ń sè é fún wa báyìí, a ó sì fi ṣíbí wá ẹyin títí tí a ó fi gbàgbé ohun tí à ń wá. Mo jẹ méjì, mo fi ìkẹta sínú báàgì, epo rẹ̀ sì dé ara kóòtù mi. Láti Kútọ̀, ẹgbẹ̀rún kan dé Odẹ́dá nínú takisí tí wọ́n ti to èèyàn mẹ́rin sẹ́yìn. Láti Odẹ́dá, ọ̀kadà nìkan ló ń wọ inú lọ́hùn-ún, ẹgbẹ̀rún kan àtààbọ̀.

Ọ̀nà náà pupa, ó sì rí gbágungbàgun. Gìgísẹ̀ bàtà mi kan ṣẹ́ níbi tí a ti sọ̀kalẹ̀ kí ọ̀kadà lè la odò kékeré kan kọjá. Ọlọ́kadà, ọkùnrin kan tó ń fi ṣúńgọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀, yíjú padà.

"Ẹ̀yin ni bánkì tí wọ́n ń retí?"

"Èmi ni."

Ó jẹ ṣúńgọ́ọ̀mù rẹ̀ díẹ̀. "Mo rò pé ẹ máa tóbi jù báyìí lọ."

Báyìí ni mo ṣe wọ Ìdí-Agbalùmọ̀, eruku lórí, epo mọ́ínmọ́ín láyà, tí mo ń tiro. Ohun tí mo sì gbàgbé pátápátá ni pé ní Kétu ni mo ti jẹ́ Mummy. Nílé ọkọ, ìyàwó kékeré ni mí. Ọmọdébìnrin kan sáré pàdé mi, mo kúnlẹ̀ kí i, "Ọkọ mi, ẹ ǹlẹ́ o," ó sì dá mi lóhùn bí àgbàlagbà pé kí n dìde. Ìyálé wa, ìyá arúgbó tó jẹ́ àgbà gbogbo ìyàwó inú agbo ilé náà, gbé ọ̀bẹ kan lé mi lọ́wọ́ kí n tó mu omi tán.

"Káàbọ̀, bánkì. Jókòó síbí, bó ẹ̀gẹ́."

Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń pe ohun tí àwa ní Kétu ń pè ní pákí. Mo bó o tòun ti kóòtù lọ́rùn. Àwọn orogún mi, ìyàwó agbo ilé bíi tèmi, ti bó mẹ́ta kí n tó bó ọ̀kan, wọ́n sì ń gbé tèmi sókè kí gbogbo wọn lè rí bí mo ṣe gé ara rẹ̀ dànù mọ́ èèpo.

Nígbà tí oòrùn rọ̀ díẹ̀, wọ́n gbé tábìlì sábẹ́ igi agbalùmọ̀ tí abúlé náà ń jẹ́ mọ́, nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dé. Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀, nítorí àwa oní-POS náà lè ṣí àkáǹtì fún èèyàn. Mo gba NIN, mo tẹ orúkọ, mo gbé fóònù sójú wọn kó ya fọ́tò. "Ẹ ṣẹ́jú. Ẹ la ẹnu díẹ̀. Ẹ yíjú sọ́tùn-ún." Ìyálé bi mí bóyá bánkì ni àbí dókítà eyín.

Ọ̀nà kan wà tí àwa oní-POS ń gbà ṣiṣẹ́. Kí a tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, a máa ka orúkọ tó bá jáde sókè kí kọ́sítọ́mà gbọ́. Bí owó bá ṣìnà, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bá ìjà wá. Ariwo ọkọ̀ sì pọ̀ ní Kétu, nítorí náà ohùn mi ga. Àwọn orogún mi ni mo kọ́kọ́ ṣe fún, mo ń ké orúkọ wọn, wọ́n ń jẹ́ mi, inú gbogbo wa ń dùn. Lẹ́yìn náà ló kan Ìdílẹ̀kẹ̀.

Wọ́n mú NIN wọn jáde láti inú ọ̀rá, wọ́n jókòó ṣinṣin. Mo ti fi síìmù wọn sínú fóònù tí mo gbé wá. Ojú wọn ò rí lẹ́tà kéékèèké mọ́, torí náà mo ti ṣètò fóònù náà kó máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ sókè fúnra rẹ̀. Obìnrin kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ bí Òyìnbó. Mo ya fọ́tò wọn. Mo tẹ orúkọ. Ẹ̀rọ bèèrè bóyá ó dá mi lójú. Ọwọ́ mi tẹ bọ́tìnnì, ẹnu mi sì ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

"Morẹ́nikẹ́! Ṣé Morẹ́nikẹ́ lorúkọ yín?"

Ẹni tó ń yan gààrí dáwọ́ dúró. Mo kọ́kọ́ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ.

"Ìyàwó," Ìyálé rọra wí, ọwọ́ wọn ti wà lórí, "kí lo pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ?"

Ìgbà náà ló yé mi, mo kúnlẹ̀. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti wọ ilé náà, mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Orí NIN ni mo ti kọ́kọ́ rí i, mo sì ké e bí agbèrò tó ń pe èrò ọkọ̀. Ìdílẹ̀kẹ̀ dìde, wọ́n fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n wọ yàrá lọ.

Àbúrò wọn obìnrin tó tẹ̀ lé wọn lórí ìlà ká NIN tirẹ̀ padà sínú ọ̀rá. Ó ní òun ò ṣe mọ́. Bí bánkì bá túmọ̀ sí pé kí ìyàwó ilé máa pariwo orúkọ èèyàn lábẹ́ igi, kí n gbé bánkì mi padà sí Èkó. Àwọn yòókù ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpò gààrí tò lọ lẹ́bàá ògiri, ẹni tó ń bọ̀ wá kó o máa dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orogún mi mẹ́ta péré ló sì ní àkáǹtì. Mo rí i nínú ọkàn mi bó ṣe máa yí ọkọ̀ rẹ̀ padà lófìfo, tí gbogbo ìyà tí àwọn obìnrin yìí jẹ nídìí ààrò á sì já sásán, torí ẹnu mi.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá, àbúrò bàbá ọkọ mi, tó jẹ́ olórí ilé. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, kóòtù mi ń gbálẹ̀. Bàbá gbọ́ ẹjọ́ náà tán, wọ́n bi mí bóyá wọn kì í kọ́ni nílé ní Kétu. Wọ́n ní kí n bó apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ méjì, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ lọ bẹ ẹni tí mo pè.

Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Ẹnu iṣẹ́ ni."

"Wọlé," Ìdílẹ̀kẹ̀ ní. Etí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó sí. "Tún un pè."

"Háà, mi ò jẹ́."

"Mi ò bínú. Mo ní kó o tún un pè." Wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. "Ìyá mi ló pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Màámi. Bàbá ń pè mí ní Ìyá Káyọ̀dé. Ẹ̀yin ìyàwó ń pè mí ní Ìdílẹ̀kẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdí tí ẹ ń wí ti gbẹ tipẹ́. Nígbà tó o pè é lábẹ́ igi lẹ́ẹ̀kan, mo wẹ̀yìn. Mo rò pé ìyá mi ni."

Mo fẹ́ pè é fún wọn, tọkàntọkàn ni mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ṣe agbèrò níta kọ̀, kò ṣí. Mo kàn ń wí pé "ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi", bí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ibi tí a wà nìyẹn tí ohùn obìnrin Òyìnbó fi gba abẹ́ igi. Àkáǹtì tí mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ ti ṣí, àtẹ̀jíṣẹ́ sì ti wọlé. Ó ń kí Morẹnáíkì káàbọ̀ sí bánkì. Morẹnáíkì, ó pè é bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń polówó bàtà.

"Ta ló tún pè é?" Ohùn Bàbá le níta.

"Àwa kọ́ o," Ìyálé dáhùn kíá. "Inú fóònù ni."

"Ta ló wà nínú fóònù?"

"Bánkì ni, Bàbá," mo wí láti ẹnu ọ̀nà.

Bàbá rò ó. "Bánkì yìí, ṣé ẹnì kan nílé wa ló fẹ́ ẹ?"

"Rárá, Bàbá."

"Kì í ṣe ìyàwó wa?"

"Kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni."

"Kò jẹ̀bi nígbà náà. Ẹ jẹ́ kó máa pè é." Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ, ẹ̀gẹ́ rẹ ń dúró dè ọ́."

Ìdílẹ̀kẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìhà mú. "Morẹnáíkì," wọ́n ń wí. "Ìyá mi ò bá na ẹni yẹn." Wọ́n jáde, wọ́n ní kí n mú kí fóònù tún un sọ. Ó tún un sọ. Kò pẹ́ tí àbúrò wọn fi yọ NIN rẹ̀ padà, ó ní òun náà fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ba tòun jẹ́. Gbogbo wọn ló ṣí àkáǹtì kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo di ẹnu mi mú bí ẹni tí eyín ń dùn. Dípò kí n ké orúkọ, ńṣe ni mo ń na ojú fóònù sí wọn, fóònù ń kà á, wọ́n ń kú fún ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà mo bó apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ méjì. Ìyálé jókòó tì mí kí n má baà fi àbùkù kan ìdílé.

Ọkùnrin gààrí dé láàárọ̀. Ó gbé àpò lé òṣùwọ̀n, ó tẹ fóònù rẹ̀, ó ní òun ti san án. Gbogbo wa wo fóònù Ìdílẹ̀kẹ̀ lórí tábìlì. Kò sọ nǹkan kan. Ìyálé wò mí. Mo rántí dẹ́rẹ́bà Ọjọ́ta. Mo ti la ẹnu láti sọ pé kí wọ́n ní sùúrù, á wọlé, nígbà tí obìnrin Òyìnbó náà pe Morẹnáíkì, tó sì ń ka owó. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún èmi tí mo gbé e wá.

Mo fi ẹ̀rọ POS kejì sílẹ̀ fún Ìdílẹ̀kẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ gba owó má máa lọ sí Abẹ́òkúta mọ́. Mo fi kóòtù náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n wọ̀ ọ́ sórí ìró àti bùbá lábẹ́ igi agbalùmọ̀, apá rẹ̀ sì ṣe rẹ́gí pẹ̀lú wọn, kò sí pé à ń ká a sókè. Bàtà sílípáàsì tí mo yá lọ́wọ́ orogún mi ni mo wọ̀ padà dé Kútọ̀, mo san owó ọkọ̀ mi lówó níná, mi ò bá dẹ́rẹ́bà kankan jiyàn. Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Kétu. Ọkọ mi bèèrè bí bánkì ṣe lọ sí. Mo ní bánkì ṣe dáadáa, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló jẹ ìtanràn.

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò pọ̀. Ó kọ́ mi pé ẹ̀gẹ́ le bó ju bó ṣe rí lójú lọ, àti pé kí n yé bú ọkọ mi pé ó ń sọ mí di ńlá, nítorí èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ara mi di ńlá. Èyí tó kù, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni mo tó kọ́ ọ. Mo wà lábẹ́ agboòrùn mi nígbà tí Ìdílẹ̀kẹ̀ pè mí.

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, fi ọgọ́rùn-ún náírà ránṣẹ́ sí mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ fi ọgọ́rùn-ún náírà ṣe?"

"Mi ò fẹ́ fi ṣe nǹkan kan. Láti ọjọ́ ọjà, kò sẹ́ni tó tún pe orúkọ mi."

Mo tẹ owó náà. Ẹ̀rọ gbé orúkọ jáde, ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń yí padà, ariwo gba gbogbo ibẹ̀, kò sí ará ilé ọkọ kankan nítòsí. Mo rọra pè é bó ṣe yẹ kéèyàn pè é, Morẹ́nikẹ́, mo wá tẹ bọ́tìnnì.